Olùkọ́ Awakọ̀ Ogun Òfuurufú àti Ọ̀rọ̀ Ìperí Iṣẹ́ Rẹ̀: Àyẹ̀wò láti Òkè-Ògùn

Ìfáàrà

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ bá ń sun igbó ní agbègbè Ṣakí àti Ìgbòho, àwòdì a máa pọ̀ lójú ọ̀run níbi tí èéfín bá ti ń rú. Tata àti eku tí iná ń lé jáde ni wọ́n ń wá. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò wọ́n yóò rí i pé àwòdì kì í sábà ju apá nígbà náà. Ó kàn na apá sílẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ń gòkè sì ń gbé e. Ìrù rẹ̀ tí ó là lẹ́nu ni ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún láti fi darí ara rẹ̀. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Òkè-Ògùn tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń fò kò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ sí ibi jíjìn. Ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé ni ó ṣòro fún un.

Díẹ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí yẹ̀ wò, ojú olùkọ́ awakọ̀ ogun òfuurufú ni a sì fi wò ó. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ògbufọ̀ tí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ lò nínú ìwé lè tún un ṣe nígbà tí a bá tún ìwé náà tẹ̀. Olùkọ́ tí ó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú ọmọ ọdún méjìlélógún kan kò ní àǹfààní àtúntẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ ohun mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí olùkọ́ ní lọ́kàn, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni ó kù fún àwọn méjèèjì.

Àwọn kan yóò wí pé kò sí ẹni tí ó ń fi Yorùbá wa ọkọ̀ òfuurufú. Òtítọ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì ni Iṣẹ́ Ológun Òfuurufú ilẹ̀ Nàìjíríà fi ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó ń dábàá pé kí a yí i padà. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó wọ ọkọ̀, ó ti jókòó nínú kíláàsì, ó sì ti jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí ó tó dé kíláàsì yẹn. Ibẹ̀ ni òye ti ń wọlé. Ẹni tí kò bá sì lè fi èdè abínibí rẹ̀ sọ ohun kan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ó kàn há a sórí ni.

Bí iṣẹ́ náà ṣe dé Nàìjíríà

Kí Nàìjíríà tó ní ọmọ ogun òfuurufú tirẹ̀ ni ó ti ń rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ náà: mẹ́wàá lọ sí Ẹtiópíà ní 1962, mẹ́rìndínlógún lọ sí Kánádà ní 1963, àwọn mìíràn sì lọ sí Íńdíà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 1964 ni òfin fi ìdí Iṣẹ́ Ológun Òfuurufú múlẹ̀. Àwọn ará Jámánì ni ó kọ́kọ́ wá ràn án lọ́wọ́ láti tò ó, Kàdúná ni wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré bí i Piaggio P.149D. Ó yẹ kí onímọ̀ èdè dúró díẹ̀ níbí. Ará Jámánì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, ọmọ Nàìjíríà náà kọ́ ọ ni. Èdè tí kì í ṣe ti olùkọ́, tí kì í sì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́, ni a fi ń sọ pé kí a tẹ èyí, kí a fa tọ̀hún. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ọkọ̀ ìkọ́ni L-29 ti ilẹ̀ Czechoslovakia àti ọkọ̀ ìjà MiG-17 dé, wọ́n sì gbé àṣà ìkọ́ni mìíràn àti ohùn mìíràn wá.

Lẹ́yìn ogun náà, ọkọ̀ Bulldog ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Kàdúná. Ní 1988 ni Air Beetle, tí a tò ní Kàdúná láti ara àwòṣe RV-6A ti Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fò. Alpha Jet ti dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ibùdó rẹ̀ sì wà ní Káíńjì, tí kò ju nǹkan bí 180 kìlómítà sí Ṣakí lójú òfuurufú. Káíńjì yìí kan náà ni a gbé Super Tucano méjìlá sí ní 2021, lẹ́yìn tí àwọn awakọ̀ ti lọ kọ́ ọ ní Moody, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí tí ó kan ọ̀rọ̀ ìperí gidigidi. Nínú Bulldog àti Air Beetle, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Olùkọ́ ń rí ọwọ́ ọmọ náà, ó ń rí ojú rẹ̀, ó sì lè fi ìka tọ́ka. Nínú Alpha Jet àti Super Tucano, ẹ̀yìn ni olùkọ́ wà, akoto nìkan ni ó sì ń rí. Ohùn ni ó kù fún un. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá dára, kò sí ojú tàbí ìka tí yóò tún un ṣe.

Gosport, 1917

Iṣẹ́ kíkọ́ awakọ̀ kò fìgbà gbogbo jẹ́ iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá Central Flying School sílẹ̀ ní Upavon ní 1912, síbẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ jẹ́ ẹni tí ojú ogun ti dá lágara, tàbí ẹni tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ tán. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí ó jìnnà sí ohunkóhun tí ó léwu. Àwọn ọmọ náà sì ń kú nínú ohun tí a kò kọ́ wọn.

Robert Smith-Barry ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà ní Gosport ní 1917. Ó fi akẹ́kọ̀ọ́ sí àyè awakọ̀ gan-an nínú ọkọ̀ Avro 504 tí ó ní ohun ìdarí méjì. Dípò kí ó sọ pé kí ọmọ sá fún ewu, ó ní kí olùkọ́ mú un wọ inú ewu náà lójúmọmọ, ní òkè tí ó jìnnà sílẹ̀, kí ó sì kọ́ ọ bí a ti í jáde. Wọ́n tún so rọ́bà ìfọhùn kan láti ẹnu olùkọ́ dé etí akẹ́kọ̀ọ́, orúkọ ìlú náà ni ó sì ń jẹ́ títí di òní. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ti lò ó lẹ́yìn ìgbà náà, olùkọ́ nìkan ni ó lè fọhùn, akẹ́kọ̀ọ́ kàn lè mi orí ni. Ìdajì ọ̀nà ni èyí sí ìkọ́ni rere.

Ọkọ̀ kú, apá dákú

Agbára mẹ́rin ni ó ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ tí ó ń fò. Mẹ́ta kò ṣòro: ìwúwo, ìtìsíwájú, ìfàsẹ́yìn. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí afẹ́fẹ́ ń fún apá. Àwọn kan fẹ́ràn láti pè é ní ìgbésókè, ṣùgbọ́n orúkọ yìí ń ṣi ọmọ lọ́nà, nítorí agbára náà wà lára ọkọ̀ tí ó ń lọ gbọọrọ, ó sì wà lára èyí tí ó ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbédúró ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù. Àwòdì tí kò gòkè tí kò sì wálẹ̀ lórí èéfín, ìgbédúró ni ó ń jẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "stall". Bí imú ọkọ̀ bá ṣe ń gbéra sí i ni igun tí apá fi kọjú sí afẹ́fẹ́ ń pọ̀ sí i, ìgbédúró náà sì ń pọ̀ sí i, títí igun náà yóò fi tó nǹkan bí dígírì 15 tàbí 16 lára ọ̀pọ̀ apá. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, afẹ́fẹ́ kò lè tẹ̀ lé ẹ̀yìn apá mọ́. Ó já kúrò lára rẹ̀, ó sì di rúdurùdu. Ìgbédúró lọ sílẹ̀ lójijì, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Gẹ̀ẹ́sì kan náà yìí ni a ń lò fún ẹ́ńjìnì mọ́tò tí ó dá dúró, èyí tí Yorùbá ń pè ní pé mọ́tò kú. Ògbufọ̀ tí ó bá gbé "kú" lọ sí ọ̀dọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ti pa akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, ó sì lè pa á lára. Ẹ́ńjìnì lè máa ké ní gbogbo agbára rẹ̀ nígbà tí apá kò gbé nǹkan kan mọ́. Bí ọmọ bá gbọ́ "ó ti kú", ojú rẹ̀ yóò lọ sí ẹ́ńjìnì, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì fa ọ̀pá ìdarí mọ́ àyà nítorí pé imú ọkọ̀ ń wálẹ̀. Òdì kejì ohun tí ó yẹ gan-an nìyẹn. Títì ni a ń ti ọ̀pá náà síwájú kí igun náà lè dínkù, kí afẹ́fẹ́ lè tún fi ara mọ́ apá.

Ọ̀rọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí dábàá ni ìdákú apá. Ẹni tí ó dákú kò kú. Ó ṣeé jí, bí àwọn tí ó yí i ká bá mọ ohun tí wọn yóò ṣe tí wọ́n sì tètè ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà tún dárúkọ ẹ̀yà tí ọ̀ràn kàn, ojú akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì lọ sí apá dípò ẹ́ńjìnì. A lè ṣàtakò pé ohun ẹlẹ́mìí ni ó ń dákú. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti ní iná kú, ó ní aago kú. Ọ̀rọ̀ tí ó ti bá kú lọ sọ́dọ̀ aago kò ní ṣàìbá dákú lọ sọ́dọ̀ apá. Àwọn mìíràn lè fẹ́ lo àṣàyàn ọ̀rọ̀ tí ó bá "apá kò ká a" mu, èyí tí ó dùn létí, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàpèjúwe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí. Ohun tí ó ba ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ ni pé gbogbo ìṣòro ayé ni apá kì í ká, ọ̀rọ̀ ìperí kò sì gbọdọ̀ gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ so orúkọ náà mọ́ ìlọ́ra, nítorí ọkọ̀ tí ó ń sáré gan-an lè dákú bí awakọ̀ bá fa ọ̀pá lójijì. Igun ni ó ń fa ìdákú.

Bí apá kan bá dákú ju èkejì lọ, ọkọ̀ yóò máa yí bí òkòtó bí ó ti ń já. Ìpòòyì ni èyí, kò sì sí ohun tí a fẹ́ wá kiri lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu ọmọdé kí bàálù tó dé.

Fi sílẹ̀, gbà

Nínú ọkọ̀ ìkọ́ni tí ó ní ohun ìdarí méjì, ìbéèrè tí kò gbọdọ̀ rú ẹnikẹ́ni lójú ni pé ọwọ́ ta ni ọkọ̀ wà. Ọkọ̀ tí àwọn méjì ń wà lẹ́ẹ̀kan náà léwu. Èyí tí olúkúlùkù rò pé ẹnìkejì ni ó ń wà á léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ní Yorùbá ni "ọwọ́ mi ni ó wà" àti "ọwọ́ rẹ ni ó wà". Kò dára rárá. Sílébù kan péré ni ó yà wọ́n, ohùn àárín sì ni sílébù náà ní nínú méjèèjì. Ariwo ẹ́ńjìnì a máa jẹ kọ́ńsónáǹtì kí ó tó jẹ ohùn. Ẹni tí ó bá gbọ́ dùndún mọ̀ pé ohùn nìkan lè gbé ọ̀rọ̀ dé ibi jíjìn. Nítorí náà, àṣẹ méjì tí ohùn wọn bá dọ́gba, àṣẹ kan náà ni wọ́n nínú ariwo.

"Gbà!" àti "Fi sílẹ̀!" sàn jù. Sílébù kan ni èkínní, ohùn ìsàlẹ̀. Sílébù mẹ́ta ni èkejì, àárín, òkè, ìsàlẹ̀. Ìdáhùn ni ó gba ìṣọ́ra. Ọmọ tí a sọ fún pé "Gbà!" lè fèsì pé "Mo gbà", olùkọ́ kò sì ní mọ̀ bóyá ó gba ọkọ̀ ni tàbí ó gba ọ̀rọ̀. Kí ó dáhùn pé "Mo dì í mú". Kí olùkọ́ tún sọ pé "O dì í mú", kí ó tó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń fi ọkọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, "Ẹ gbà!" kò gba àkókò. Sílébù kan ṣoṣo ni ọ̀wọ̀ náà ná wọn.

Ẹsẹ̀ ahunṣọ

Àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ti ní ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí a yá. Bí ahunṣọ bá jókòó sí ìdí òfì, ọwọ́ rẹ̀ ń ju ọkọ̀ òwú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ń tẹ ìtẹsẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan kí òmù lè gòkè kí ó sì wálẹ̀. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, ìtẹsẹ̀ méjì ni ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ pẹ̀lú, tí a fi ń yí ìtọ́kọ̀ tí ó wà ní ìrù. Bí a bá tẹ ọ̀kan, èkejì yóò padà sẹ́yìn. Ìtọ́kọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn atukọ̀ ojú omi, ìtẹsẹ̀ láti Ìṣẹ́yìn, kò sì sí èyí tí ó ṣàjèjì nínú méjèèjì.

Ahunṣọ tún ní ohun kan tí ó ju ọ̀rọ̀ lọ. Ọmọ tí ó bá ń kọ́ṣẹ́ yóò pẹ́ lórí títọ́jú òwú kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan ìtẹsẹ̀. Nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ kì í já ọkọ̀ òwú gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣì í. Ó ń jẹ́ kí àṣìṣe náà hàn lára aṣọ kí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Òwú tó bá já, a óò so ó. Èyí tí a hun gbòdì, a óò tú u.

Olùkọ́ awakọ̀ kò ní òwú tí ó lè so. Gíga ni ó ní dípò rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ìdákú apá, wọn a gòkè tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ yóò fi jí padà nígbà tí ilẹ̀ ṣì jìnnà ní 3,000 ẹsẹ̀ bàtà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín gíga yìí ni olùkọ́ rere ti lè ká ọwọ́ rẹ̀ jọ sórí itan kí ó sì jẹ́ kí ọmọ ṣì í. Olùkọ́ tí ẹ̀rù ń bà máa ń já ọkọ̀ gbà kíákíá, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kì í sì í mọ̀ bí àṣìṣe ti í parí. Èyí tí ó ń fi ara rẹ̀ hàn a máa ṣe gbogbo rẹ̀ dáradára fúnra rẹ̀, ọmọ náà a sì kan sáárá sí i, a padà sílé láìkọ́ nǹkan kan. Èyí tí ó jù lọ nínú ewu ni ẹni tí ó pẹ́ jù kí ó tó gbà á, nítorí ó ti fọkàn tán ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe lánàá. Kò sí ìwé tí ó lè sọ ìṣẹ́jú àáyá tí ó yẹ kí a gbà á fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni pé kí olùkọ́ ti pinnu, kí wọ́n tó gbéra, ibi tí gíga yóò dé tí òun kò ní dúró mọ́.

Charles Alfred Anderson, ọ̀gá àgbà àwọn olùkọ́ awakọ̀ ní Tuskegee ní Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, mọ ìwọ̀n yìí. Nígbà èwe rẹ̀, kò rọrùn fún un láti rí aláwọ̀ funfun tí yóò kọ́ aláwọ̀ dúdú. Ó ra ọkọ̀ tirẹ̀ ní 1929, púpọ̀ nínú ohun tí ó mọ̀ sì jẹ́ èyí tí ó fi ìyà ara rẹ̀ kọ́. Ní 1941 ni Eleanor Roosevelt, aya ààrẹ, wọ ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fò yí Tuskegee ká. Ní oṣù kẹta 1942 ni àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ gba ìyẹ́ awakọ̀ ológun níbẹ̀.

Ọyẹ́ àti etí

Nígbà ọyẹ́, eruku láti aṣálẹ̀ a máa bo Òkè-Ògùn tó bẹ́ẹ̀ tí a kò ní rí òkè Àdó-Àwáyè láti ibi tí kò jìnnà. Lójú òfuurufú, ibi tí ọ̀run ti fi ẹnu kan ilẹ̀ a pòórá. Etí inú, tí ó ń sọ fún ara bí ó ti dúró, kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí ojú. Bí ọkọ̀ bá rọra ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, etí kò ní fura. Bí ó bá padà sí títọ́, etí yóò pariwo pé ó ti tẹ̀. Olùkọ́ ní láti mú ọmọ dé ipò tí yóò ti gba aago ojú pátákó gbọ́ ju ara rẹ̀ lọ. Irọ́ etí ni orúkọ tí ó yẹ ìtànjẹ yìí. Ó le díẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀gá tàbí olùkọ́?

Ní ìdí òfì, ẹni tí ó ń kọ́ni ni a ń pè ní ọ̀gá. Nínú iṣẹ́ ológun, ẹni tí ipò rẹ̀ ga ni ọ̀gá. Olùkọ́ awakọ̀ ogun jẹ́ méjèèjì, ibẹ̀ sì ni ìṣòro wà. Ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dáadáa kì í já ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu. Ọmọ ogun kì í sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ó ṣì í. Bí ọmọ náà bá rí i pé epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán tí olùkọ́ kò sì rí i, ìwà ọmọlúàbí méjèèjì yìí ni yóò dì í lẹ́nu.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 1977, ọkọ̀ 747 méjì kọlu ara wọn lórí ilẹ̀ pápákọ̀ Tenerife, ènìyàn 583 sì kú. Ọkọ̀ èrò ni wọ́n, wọn kì í ṣe ti ológun, ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó wa ọkọ̀ KLM tí ó gbéra láìgba àṣẹ jẹ́ olórí àwọn olùkọ́ 747 ní ilé iṣẹ́ náà. Ìgbà pípẹ́ ni ó ti lò nínú ẹ̀rọ ìdánrawò, níbi tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ti ń fún ọkọ̀ láṣẹ láti gbéra. Ẹni tí ó ń mójú tó ẹ́ńjìnì béèrè bóyá ọkọ̀ kejì kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá dá a lóhùn pé ó ti kúrò, kò sì sí ẹni tí ó tún sọ̀rọ̀. Ní 1979 ni NASA pe àpérò tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ bí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ kan ṣe gbọdọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nítorí èyí ni àpilẹ̀kọ yìí fi yan olùkọ́ awakọ̀ tí ó sì fi ọ̀gá sílẹ̀. Ìyípadà orúkọ nìkan kò tó. Kí olùkọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, pé bí ó bá rí ewu kí ó pariwo rẹ̀, kí ó sì sọ gbólóhùn tí yóò lò. "Ẹ wo epo!" tó. Ó ní "ẹ" nínú, kò sì gùn.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ó kù láti wá ni ti ìjókòó tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti balẹ̀. Ìbáwí kì í ṣe ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùkọ́ kan sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ahunṣọ tí ó bá hun gbòdì yóò tú u, yóò wò ó, yóò sì rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣi ìtẹsẹ̀ tẹ̀. Ìtúwò ni a lè pe ìjókòó náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Olùkọ́ ń gbọ́ ohun tí ọmọ náà rò pé ó ṣẹlẹ̀, kí ó tó sọ èyí tí òun rí láti ẹ̀yìn.